Ọtí kíkan àti òkúta inú kíndìnrín: ohun tí wọ́n rí ní Guangzhou

Ní ọdún 2019, àwọn dókítà kan ní ìlú Guangzhou, ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìṣègùn tó ń jẹ́ EBioMedicine. Ohun tí àkọlé rẹ̀ wí ni pé ọtí kíkan tí à ń jẹ mọ́ oúnjẹ, èyí tí a tún ń pè ní fínígà, kì í jẹ́ kí òkúta kíndìnrín tún padà wá. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa lórí WhatsApp lẹ́nu àwọn tó ń ta fínígà yàtọ̀ sí i. Wọ́n ní fínígà ń yọ́ òkúta, pé kí èèyàn sáà máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́, òkúta á bá ìtọ̀ jáde. Ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí òkúta má ráyè dì ni ìwádìí ń sọ. Kí òkúta tó ti dì yọ́ ni àwọn ọlọ́jà ń sọ. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ lè jókòó sílé títí kíndìnrín rẹ̀ á fi bàjẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, láti inú ife yàrá àyẹ̀wò dé ara eku, kó tó wá kan ara èèyàn.

Òkúta kíndìnrín kì í ṣe òkúta ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni gbé mì. Iyọ̀ inú ìtọ̀ ló dì. Kíndìnrín ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó ń kó ohun tí ara kò fẹ́ sínú omi. Bí omi bá kéré tí iyọ̀ bá pọ̀ jù, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, hóró kan á dúró, òmíràn á lẹ̀ mọ́ ọn, títí wọn á fi di odindi. Nínú òkúta mẹ́wàá, bíi méje sí mẹ́jọ ló jẹ́ calcium oxalate. Àwọn yòókù ni ti calcium phosphate, ti uric acid, ti struvite tí kòkòrò àrùn inú ìtọ̀ ń fà, àti ti cystine tó ṣọ̀wọ́n, tó máa ń rìn nínú ìdílé. Ẹ fi orúkọ wọn sọ́kàn, nítorí ohun tó ń yọ́ ọ̀kan lè má ṣe ìkejì ní nǹkan kan.

Ìwọ̀n òkúta náà ṣe pàtàkì. Èyí tí kò bá tó 5 mm sábà máa ń jáde fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ju 10 mm lọ, ó ṣọ̀wọ́n kó jáde láìjẹ́ pé dókítà dá sí i. Ẹni tí òkúta 4 mm ti ń bọ̀ lọ́nà tẹ́lẹ̀, tó wá ń mu fínígà lọ́sẹ̀ tí òkúta náà bọ́ sílẹ̀, á gbà tọkàntọkàn pé fínígà ló lé e. Irú ẹ̀rí yìí ló pọ̀ jù lọ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹni tó ń jẹ́rìí kò purọ́, òkúta jáde lóòótọ́. Ohun tí a kò lè mọ̀ látinú ẹ̀rí ẹnì kan ni bóyá ì bá ti jáde bẹ́ẹ̀ náà ká ní omi lásán ló mu. Yàrá àyẹ̀wò la máa ń gbé irú ìbéèrè yìí lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìdánwò tó wọ́pọ̀ jù lọ, èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé ìdáná. Ju èèpo ẹyin sínú ife fínígà. Kò ní pẹ́ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì fi máa mọ́, èèpo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ ló kù. Wọ́n á ní, “Ẹ rí i bó ṣe ń jẹ calcium!” Òótọ́ ni pé calcium wà níbẹ̀. Àmọ́ calcium carbonate ni èèpo ẹyin. Ásíìdì tó wà nínú fínígà, èyí tó ń jẹ́ acetic acid, lágbára ju carbonic acid lọ, nítorí náà ó lè gba calcium mọ́ ọn lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ carbon dioxide á sì máa tú jáde. Òun ló ń hó yẹn. Oxalic acid ní tirẹ̀ lágbára ju acetic acid lọ dáadáa. Calcium tó bá ti wà lọ́wọ́ oxalate, fínígà kò ní agbára láti gbà á.

Àwọn tó kọ́ ìmọ̀ ewéko ní yunifásítì mọ ìdánwò kejì, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nítorí pé kókò ni wọ́n fi ń ṣe é. A mọ̀ pé kókò tí kò jinná dáadáa máa ń yúnni lọ́fun. Lára ohun tó ń fà á ni àwọn hóró calcium oxalate tẹ́ẹ́rẹ́, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tó kó ara wọn jọ ní ìdì ìdì nínú rẹ̀. Bẹ́ kókò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wàá rí wọn kedere. Kán acetic acid sí i: wọ́n á wà níbi tí wọ́n wà. Nu ìyẹn kúrò, kí o wá kán hydrochloric acid sí i: wọ́n á máa dín kù lójú rẹ títí wọ́n á fi pòórá. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń dá oxalate mọ̀ yàtọ̀ sí carbonate nìyẹn, ó sì ti pẹ́ nínú ìwé. Òun náà ló dá wa lóhùn lórí òkúta tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú kíndìnrín: bí a bá tiẹ̀ rẹ ẹ́ sínú fínígà, kì í yọ́.

Ti òkúta phosphate àti struvite yàtọ̀. Ásíìdì máa ń yọ́ wọn. Àwọn ilé ìwòsàn tiẹ̀ ní omi acetic acid 0.25% tí wọ́n fi ń fọ àpò ìtọ̀ ẹni tí wọ́n fi rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde sí lára, kí ìdọ̀tí oní-calcium má bàa dì mọ́ rọ́bà náà. Ṣùgbọ́n inú rọ́bà ni wọ́n ń gbà rọ ọ́ sínú àpò ìtọ̀ ní tààrà. Wọn kì í gbé e fún aláìsàn mu, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere. Fínígà tó wà lọ́jà sábà máa ń ní acetic acid tó tó 5%. Ṣíbí kan tó gba 15 ml kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíráàmù ásíìdì lọ. Ó bá hydrochloric acid nínú ikùn, èyí tó lágbára jù ú lọ fíìfíì. Láti ibẹ̀ ó wọ ẹ̀jẹ̀, ó dé ẹ̀dọ̀, ara sì jó o di omi àti carbon dioxide bó ṣe ń jó oúnjẹ. Ara kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan: láàárín pH 7.35 sí 7.45 ló ń mú un dúró sí (pH ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni nǹkan náà ń kan sí i). Kò sí ọ̀nà tí ásíìdì inú ife yẹn á gbà dé ìdí òkúta bí ásíìdì.

Ìdánwò inú ife ti kó àwọn àgbà sí wàhálà rí. Ní 1739, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kí wọ́n fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Joanna Stephens ní 5,000 pọ́n-ùn kó lè tú àṣírí oògùn òkúta rẹ̀. Nígbà tó tú u, èèpo ẹyin àti ìgbín tí wọ́n sun di eérú ló jẹ́, pẹ̀lú ọṣẹ, oyin àti oríṣiríṣi ewé. Stephen Hales, àlùfáà tó tún jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, rẹ òkúta sínú onírúurú omi láti mọ èwo nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́, Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley lọ́dún náà. Ó rí i pé agbára eérú àti ti ọṣẹ ló wà níbẹ̀. Wọ́n san owó náà ní 1740. Dókítà David Hartley, tó jà fún oògùn náà ju ẹnikẹ́ni lọ, ní òkúta tirẹ̀ lára. Ó lo oògùn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkúta ò kúrò lára rẹ̀ títí ó fi kú ní 1757. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ife lè jẹ́ òótọ́ pátápátá kó má sì wúlò fún ẹni tó ń jẹ̀rora.

Báwo wá ni àwọn ará Guangzhou ṣe rí nǹkan kan sọ nípa ọtí kíkan?

Gúúsù Ṣáínà ni òkúta kíndìnrín ti wọ́pọ̀ jù lórílẹ̀-èdè náà. Ooru pọ̀ níbẹ̀, èèyàn ń làágùn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí Zeng Guohua ń ṣáájú, ní ilé ìwòsàn yunifásítì ìṣègùn Guangzhou, ti ṣe àyẹ̀wò káàkiri orílẹ̀-èdè ṣáájú. Wọ́n fi ẹ̀rọ scan wo kíndìnrín èèyàn 9,310, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2017: bíi 5.8% àwọn àgbàlagbà ló ní òkúta, ìyẹn bí ẹnì kan nínú mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí wọ́n wá bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, wọ́n rí i pé òkúta kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń jẹ ọtí kíkan déédéé bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí kì í jẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn á ti dáwọ́ dúró nìyẹn, tí wọ́n á sì kéde. Ṣùgbọ́n ìbéèrè lọ́wọ́ èèyàn kò tó ẹ̀rí. Ìpínlẹ̀ Shanxi ní àríwá, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkà bàbà ṣe ọtí kíkan tó dúdú tó sì lókìkí, kì í ṣe ilẹ̀ ooru bíi Guangzhou. Ẹni tó ń jẹ ọtí kíkan lójoojúmọ́ lè jẹ́ ẹni tó ń gbé níbi tí òkúta ti ṣọ̀wọ́n tẹ́lẹ̀, tàbí tí oúnjẹ rẹ̀ yòókù yàtọ̀. Àwọn dókítà náà mọ èyí, ìdí tí wọ́n fi wọ yàrá àyẹ̀wò lọ nìyẹn.

Eku kì í ṣàdédé ní òkúta kíndìnrín bí èèyàn, nítorí náà wọ́n ní láti fà á fún un. Ethylene glycol ni wọ́n ń lò, èròjà kan náà tó wà nínú coolant tí à ń dà sí rédíétọ̀ mọ́tò. Bí eku bá mu ún, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á sọ ọ́ di oxalic acid, oxalic acid á bá calcium pàdé nínú ìtọ̀, hóró á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì sínú kíndìnrín. Àwọn eku kan gba ethylene glycol nìkan. Àwọn mìíràn gbà á pẹ̀lú ọtí kíkan tàbí pẹ̀lú acetate, èyí tí acetic acid máa ń dà nínú ara. Nígbà tí wọ́n la kíndìnrín wọn, hóró inú tàwọn tó gba ọtí kíkan kéré gan-an sí tàwọn yòókù. Ìtọ̀ wọn náà yàtọ̀: citrate pọ̀ sí i, calcium dín kù.

Ẹni tó bá mọ òkúta kíndìnrín á nà ró nígbà tó bá gbọ́ èyí. Citrate máa ń di calcium mú nínú ìtọ̀ kí oxalate má rí i gbá mú, òun ni dókítà sì ń wá nígbà tó bá fún aláìsàn ní potassium citrate. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà kún fún un. Ṣùgbọ́n fínígà kò ní citrate tó nǹkan. Ibo ni citrate ti wá?

Wọ́n rí i pé kíndìnrín fúnra rẹ̀ ló yíwọ́ padà. Lójoojúmọ́, kíndìnrín máa ń kó citrate sínú ìtọ̀, á tún gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Ẹnu ọ̀nà tó ń gbà á padà ni èròjà kan tó ń jẹ́ NaDC1. Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ claudin-14. Òun ló ń dí ọ̀nà mọ́ calcium tó yẹ kó padà sínú ẹ̀jẹ̀, kí calcium náà lè bá ìtọ̀ lọ. Wọ́n ti mọ claudin-14 mọ́ òkúta tẹ́lẹ̀: àwọn onímọ̀ ní Iceland fi hàn ní 2009 pé àwọn tí jíìnì rẹ̀ rí bákan ló máa ń ní òkúta jù. Lára àwọn eku tó gba ọtí kíkan, méjèèjì dín kù. NaDC1 kéré, citrate dúró sínú ìtọ̀. Claudin-14 kéré, calcium padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Bí acetate ṣe mú wọn dín kù ni apá tó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Okùn jíìnì tó gùn gbọọrọ wé mọ́ èròjà tó ń jẹ́ histone nínú sẹ́ẹ̀lì, bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí èérún acetate bá lẹ̀ mọ́ histone, okùn á tú díẹ̀ níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì lè ka ohun tó wà lórí rẹ̀. Níbi tó tú yìí ni sẹ́ẹ̀lì ti ṣe àwọn èérún kéékèèké mélòó kan tó ń jẹ́ microRNA jáde, miR-130a-3p, miR-148b-3p àti miR-374b-5p, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti paná àṣẹ tó ń sọ pé kí wọ́n máa ṣe NaDC1 àti claudin-14. Nítorí náà, oúnjẹ ló ń bá jíìnì sọ̀rọ̀, láìyí jíìnì náà fúnra rẹ̀ padà. Kíkan fínígà kò ní ọwọ́ nínú èyí. Acetate tó kù lẹ́yìn tí kíkan ti lọ ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Mo kà á sí iṣẹ́ tó dára gan-an. Wọn kò fi ẹnu lásán gba oúnjẹ àwọn baba wọn gbọ́, wọn kò sì fi ẹnu lásán tì í dànù. Àwa tí àgbo pọ̀ nílẹ̀ wa nílò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún eku dáadáa. Nígbà tí ethylene glycol ń wọlé ni ọtí kíkan náà ń wọlé. Ìdènà ni. Wọn kò mú eku tí òkúta rẹ̀ ti le, tí ó ti dí ojú ọ̀nà ìtọ̀, kí wọ́n fi fínígà tú u. Bẹ́ẹ̀ sì ni oṣù tàbí ọdún ni òkúta fi ń dì lára wa, coolant kọ́ ló ń fà á.

Ìwọ̀n tún ṣe kókó. Ní 1998, àwọn dókítà ní Innsbruck, ilẹ̀ Austria, kọ nípa obìnrin ẹni ọdún 28 kan tó ń mu 250 ml fínígà ápù lójúmọ́ fún ọdún mẹ́fà. Potassium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, egungun rẹ̀ sì ti fúyẹ́ bí kò ṣe yẹ kó rí ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ láìfi omi lù ú tún ń jẹ eyín ara rẹ̀ run. Ọtí kíkan tí àwọn ará Ṣáínà ń lò, nínú oúnjẹ ló wà, ní ṣíbí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá lo oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ púpọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan fínígà lójoojúmọ́.

Mo tún fẹ́ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kan tí kò ná wa lówó. Ní Parma, ilẹ̀ Ítálì, wọ́n pín àwọn èèyàn 199 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òkúta àkọ́kọ́ sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kan máa mu omi púpọ̀ tí ìtọ̀ wọn á fi tó lítà méjì lójúmọ́. Ẹgbẹ́ kejì ń bá ìgbésí ayé wọn lọ. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, òkúta padà sára 12% àwọn tó ń mu omi, ó sì padà sára 27% àwọn yòókù. Èsì náà jáde ní 1996. Omi lásán ni, lára èèyàn sì ni, kì í ṣe lára eku. Àwọn dókítà òde òní fẹ́ kí ìtọ̀ tó lítà méjì àbọ̀ lójúmọ́, àti nínú ooru tiwa níbí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóòrùn ní láti mu ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa kó tó tọ iye yẹn.

Ẹni tí òkúta ń yọ lẹ́nu lọ́wọ́lọ́wọ́, tí ara rẹ̀ gbóná tí òtútù sì ń mú un, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dá dúró, tàbí tó jẹ́ pé kíndìnrín kan ṣoṣo ló ní, ilé ìwòsàn ni kó lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kíndìnrín tó dí tí kòkòrò àrùn tún wọ̀ lè pa èèyàn kíákíá.

Ẹni tí tirẹ̀ kò tíì le tó bẹ́ẹ̀, tí dókítà ní kó máa retí òkúta kó bọ́ sílẹ̀, kó máa fi aṣọ mímọ́ tàbí asẹ́ sẹ́ ìtọ̀ rẹ̀. Bí hóró náà bá bọ́, kó fi omi ṣàn án, kó jẹ́ kó gbẹ, kó gbé e sínú ike tó mọ́, kó sì mú un lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Níbẹ̀ ni wọn á ti mọ irú èyí tó jẹ́. Bó bá jẹ́ calcium oxalate, omi, iyọ̀ tó dín kù nínú oúnjẹ àti citrate ló kàn, ọtí kíkan díẹ̀ nínú oúnjẹ kò sì ní ṣe ẹnì kan níbi. Bó bá jẹ́ uric acid, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Òkúta uric acid ni dókítà lè fi oògùn ẹnu yọ́ nínú kíndìnrín lóòótọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù, ṣùgbọ́n inú ìtọ̀ tí kò kan ló ti ń yọ́. Potassium citrate ni wọ́n fi ń gbé pH ìtọ̀ sókè dé bíi 6.5 sí 7, aláìsàn á sì máa ki ìwé àyẹ̀wò tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ìtọ̀ rẹ̀, kó wo àwọ̀ ìwé náà kó lè mọ ibi tí pH dé.